Bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì! Ohun tó gbé ogun gba orí òkè wọ igbó Bọ́mà lọ́dún 1944, àti àwọn ọmọ wa tó tẹ̀lé e

Ẹni tó bá ti wọ bàálù rí yóò jẹ́rìí sí i pé ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló ń fi èrò lọ́kàn balẹ̀. Bó bá ti ń kùn, kò séwu. Bó bá dákẹ́ lójú òfuurufú pẹ́nrẹ́n, kí kálukú yáa máa pe Ọlọ́run ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹta, ọdún 1944, àwọn ọkùnrin kan fẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ inú bàálù tí kò ní ẹ́ńjìnnì rárá, wọ́n jókòó ti ìbọn wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi okùn wọ́ àwọn gba orí òkè kọjá lọ sí àárín àwọn ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò gun irú bàálù bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun rí. Fún àwọn mìíràn nínú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ yẹn náà ni ìkẹyìn.

Kí ló wá kan ará Ìkìrun, ará Ìnísà àti ará Òkukù níbẹ̀? Ó kàn wọ́n gan-an ni. Ọ̀nà tí bàálù wọ̀nyẹn là lóru ọjọ́ náà ni odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà mẹ́ta gbà wọ inú igbó Bọ́mà nígbà tó yá. Bọ́mà tí à ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí. Ilé tí bàbá bàbá wọn bá lọ Bọ́mà, tí gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀ kò ju pé "Bàbá bá òyìnbó jagun" lọ, kí wọ́n fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti Òṣogbo ń lọ sí Ọ̀ffà yóò kọ́kọ́ bá Ìkìrun láàárín òkè àti àpáta, yóò kọjá ní Ìnísà, kó tó dé Òkukù. Lónìí, Ìkìrun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Òkukù ni ti Odò-Ọ̀tìn, abẹ́ Odò-Ọ̀tìn yìí náà sì ni Ìnísà wà. Agbègbè yìí ni ọkọ̀ ojú irin gbà kọjá lọ sí Ìlọrin, nígbà tó sì fi máa di ọdún 1908, ọkọ̀ náà ti dé Ìlọrin. Fún ọmọkùnrin tí wọ́n bí síbẹ̀ ní nǹkan bíi ọdún 1924, kò sí ohun tó yára ju rélùwéè lọ láyé. Ohun tó bá ń fò lókè, ẹyẹ ni.

Kì í ṣe pé ogun ṣàjèjì sí wọn o. Ìtòsí Ìkìrun ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kọkànlá, ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn kojú àwọn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlọrin, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kó sínú odò Ọ̀tìn nígbà tí wọ́n ń sá àsálà. Ibẹ̀ ni orúkọ Jálumi ti wá. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún 1924 lè gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu àgbà tó fojú rí i. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn lọ sí ogun Jálumi. Ogun tó ń bọ̀ wá bá àwọn ọmọ-ọmọ, ọkọ̀ ojú irin ni wọn yóò wọ̀ lọ, ọkọ̀ ojú omi yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ rélùwéè, bàálù yóò sì gbà wọ́n lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi.

Ogun Hítílà ni à ń sọ. Lọ́dún 1942, àwọn ará Jàpáánì gba Bọ́mà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, wọ́n sì dé ẹnu ọ̀nà Íńdíà. Ni Gẹ̀ẹ́sì bá yíjú sí Áfíríkà. Wọ́n kó ṣọ́jà ní Nàìjíríà, Gánà tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà, Sierra Leone àti Gambia. Ìpín ọmọ ogun ńlá méjì ni wọ́n kó lọ, ìkọkànlélọ́gọ́rin àti ìkejìlélọ́gọ́rin. Gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó lọ sún mọ́ 90,000, Nàìjíríà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù wá. Aláǹtakùn ni àmì tó wà lára aṣọ àwọn ará ìpín kọkànlélọ́gọ́rin, ìyẹn Ananse tí àwọn ará Gánà ń pa àlọ́ nípa ẹ̀, tó gbọ́n bí ìjàpá tiwa.

Láàárín àwọn tó lọ yìí, wọ́n ya bírígéèdì kan sọ́tọ̀, Bírígéèdì Kẹta ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, Nàìjíríà ni gbogbo wọn. Àwọn yìí ni wọ́n fà lé Ọ̀gágun Orde Wingate lọ́wọ́. Orúkọ àdàpè wọn nínú iṣẹ́ ogun náà ni "Thunder," àrá.

Ta ni Wingate? Òyìnbó kan ni tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ pàápàá kò mọ bí wọ́n ṣe lè ṣàlàyé ẹ̀. Ó máa ń jẹ àlùbọ́sà tútù bí ẹni ń jẹ èso, ó nírùngbọ̀n nígbà tí kò yẹ kí ọ̀gá ṣọ́jà ní in, Bíbélì kì í sì jìnnà sí i. Ohun tó gbàgbọ́ ni pé kò yẹ kéèyàn máa bá àwọn ará Jàpáánì jà níwájú nìkan, kí wọ́n wọ ẹ̀yìn wọn lọ, kí wọ́n já ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà ọta ìbọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1943, ó kó nǹkan bíi 3,000 ọmọ ogun fẹsẹ̀ rìn wọ Bọ́mà. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò padà wálé. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ni Chindit, wọ́n fà á yọ láti ara orúkọ ère kìnnìún tó máa ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì ní Bọ́mà.

Lọ́dún 1944, Wingate ní àwọn kò ní í fẹsẹ̀ rìn mọ́, àwọn yóò fò ni. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà ńlẹ̀. Bàálù ńlá nílò ilẹ̀ títẹ́jú kó tó lè balẹ̀, ta ni yóò sì bá wọn tẹ́ ilẹ̀ náà láàárín igbó tó wà lọ́wọ́ ọ̀tá? Àwọn ará Amẹ́ríkà ló mú ojútùú wá. Ọ̀gá méjì ló ṣáájú wọn, Philip Cochran àti John Alison. Wọ́n ní àwọn ní bàálù kan tó lè balẹ̀ nínú pápá oko, gíláídà ló ń jẹ́.

Gíláídà yìí gan-an ni kò ní ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo àṣá nígbà tó bá na ìyẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀run, tí kò ju apá, síbẹ̀ tí kò já bọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e. Bí gíláídà náà ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ lónìí, kó lọ sí Kwahu ní Gánà lásìkò ọdún Àjíǹde. Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún kan lórí òkè Odweanoma níbẹ̀. Wọn yóò de èrò tí kò fò rí mọ́ iwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n fò, àwọn méjèèjì yóò sáré díẹ̀ létí òkè, aṣọ ńlá tó wà lórí wọn yóò gba afẹ́fẹ́, wọ́n á sì rọra máa fò lọ balẹ̀ sí Nkawkaw nísàlẹ̀. Àwọn àgbà Ìnísà tó ti gbé Gánà kí ìjọba Busia tó lé àwọn àjèjì lọ́dún 1969 yóò mọ ilẹ̀ olókè tí à ń wí. Fàájì ni ti Kwahu, owó lèèyàn ń san kó tó lè fò níbẹ̀. Ti Bọ́mà kì í ṣe fàájì.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe egungun gíláídà ti Bọ́mà, aṣọ ni wọ́n ta bò ó, pákó sì ni ilẹ̀ ẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, aṣọ! Ó lè gbé ṣọ́jà mẹ́tàlá pẹ̀lú awakọ̀ méjì, tàbí kó gbé ọkọ̀ jíìpù kan. Imú ẹ̀ níwájú ló máa ń ṣí sókè bí ìdérí àpótí kí ẹrù tó wọlé. Bàálù ẹlẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní Dakota ni yóò fi okùn náílọ́ọ̀nù tó gùn ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ fà á gòkè. Bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ, awakọ̀ gíláídà yóò tú okùn, ó di dandan kó balẹ̀ nìyẹn. Kò sí pé ibẹ̀ kò dáa, kó tún gbéra padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àwọn gbajúmọ̀, tiyín náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wa gíláídà lóru ọjọ́ náà ni Jackie Coogan, ìlúmọ̀ọ́ká òṣèré sinimá. Òun ni ọmọdé tó bá Charlie Chaplin ṣeré nínú fíìmù "The Kid" lọ́dún 1921, tí gbogbo ayé ń pariwo orúkọ ẹ̀. Nígbà tó dàgbà, tó ní kí wọ́n fún òun lówó òun, ó bá a pé ìyá rẹ̀ àti ọkọ ìyá rẹ̀ ti ná mílíọ̀nù dọ́là lọ́nà mẹ́ta ó lé tán. Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ohun tó rí gbà kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ṣòfin ní California lọ́dún 1939 láti máa dáàbò bo owó ọmọdé tó bá ń ṣeré. Òun náà ló fẹ́ Betty Grable lọ́dún 1937, tí wọ́n sì kọ ara wọn lọ́dún 1939. Nígbà tí ogun fi máa gbóná, àwòrán Betty yìí ni àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ń lẹ̀ mọ́ ògiri ibi tí wọ́n ń sùn. Ọkọ ẹ̀ àtijọ́ ló ń wa bàálù aláṣọ lọ sí Bọ́mà yẹn!

Pápá Lalaghat ní Assam, ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n ti fẹ́ gbéra. Gíláídà tò lọ bẹẹrẹ lórí pápá, wọ́n ti so okùn mọ́ wọn. Ibi méjì ni wọ́n fẹ́ balẹ̀ sí, wọ́n fún wọn lórúkọ àdúgbò ìlú òyìnbó, ọ̀kan ń jẹ́ Piccadilly, ìkejì ń jẹ́ Broadway. Wingate ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fò kọjá lórí ibẹ̀ mọ́, kí àwọn ọ̀tá má baà fura. Ṣùgbọ́n Cochran kò fara mọ́ ọn pátápátá, ó rán bàálù kan lọ yàwòrán níkọ̀kọ̀. Kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ kí wọ́n gbéra ni àwòrán náà dé. Nígbà tí wọ́n wò ó, ẹnu ya gbogbo wọn. Ìtì igi ti kún gbogbo ilẹ̀ Piccadilly! Gíláídà tó bá balẹ̀ síbẹ̀, ó di wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ̀rù bà wọ́n pé àṣírí ti tú. Ṣé àwọn ará Jàpáánì ti gbọ́ ni? Ṣé ikú ló ń dúró dè wọ́n ní Broadway náà? Ọ̀gágun William Slim, tó jẹ́ olórí gbogbo ọmọ ogun náà, wà níbẹ̀, Wingate wà níbẹ̀, Mike Calvert tó fẹ́ kó àwọn ọmọ ogun lọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Calvert ní òun ṣetán láti kó gbogbo àwọn èèyàn òun lọ sí Broadway nìkan. Slim gbé ẹrù náà léjìká, ó ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó mọ̀ pé kò sí ọ̀tá kankan nídìí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn agégi Bọ́mà ló kó igi tíìkì síta kó lè gbẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ agégi nílẹ̀ Yorùbá kò ní í pẹ́ lóye ẹ̀.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, Dakota bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Dakota kan fa gíláídà méjì, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹrù ti pọ̀ jù. Àwọn ṣọ́jà ti rọra kó ọta ìbọn àti oúnjẹ kún ohun tí wọ́n wọ̀n fún wọn. Òkè tó wà láàárín Íńdíà àti Bọ́mà sì ga kọjá 7,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ká lè mọ bó ṣe ga tó, òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, ìyẹn Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, kò ju nǹkan bíi 7,900 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Ìyẹn ni wọ́n ní kí Dakota gùn lóru pẹ̀lú gíláídà méjì nídìí. Afẹ́fẹ́ ń jù wọ́n sókè sódò, okùn ń rọ̀, ó sì ń le gan-an padà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn okùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Ẹ fojú inú wò ó. Èèyàn jókòó sínú òkùnkùn, kò rí ibi tó ń lọ, kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì kankan lára ohun tó wọ̀, àfi afẹ́fẹ́ tó ń lu aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀. Lójijì, okùn já. Bàálù tó ń fà á ti lọ. Òkè àti igbó ló kù nísàlẹ̀. Àwọn kan tètè padà sí Íńdíà, àwọn kan já bọ́ sórí òkè, àwọn mìíràn balẹ̀ sáàárín àwọn ọ̀tá, títí kan ìtòsí ibùdó àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Jàpáánì. Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni pé jíjábọ́ wọn káàkiri yìí da àwọn ará Jàpáánì lójú rú, wọn kò mọ ibi tí ogun ń lọ gan-an. Ibi tí wọ́n rò pé àbùkù wọn wà, ibẹ̀ ló bo àṣírí wọn.

Nínú gíláídà tó lé ní ọgọ́ta tó gbéra, díẹ̀ ló fi ju ìdajì lọ tó dé Broadway. Alison, ọ̀gá tó jẹ́ pé bàálù ìjà ló mọ̀ ọ́n wà, ló fọwọ́ ara rẹ̀ wa ọ̀kan. Òṣùpá tàn, koríko sì bo ilẹ̀, ibẹ̀ dà bí pápá tó tẹ́jú dáadáa. Wọn kò mọ̀ pé àwọn tó ń wọ́ igi nígbà òjò ti gbẹ́ kòtò sílẹ̀ lábẹ́ koríko náà. Bí gíláídà bá ti balẹ̀, kòtò yóò gba táyà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kí wọ́n tó wọ́ ọ kúrò lọ́nà, òmíràn ti dé lókè, kò sì lè dúró, kò lè padà. Ọ̀kan ń rọ́ lu ìkejì. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú lóru ọjọ́ náà, àwọn tó fara pa kò kéré. Nínú àwọn tó kú ni Patrick Casey, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà tó yẹ kó bá wọn tẹ́ ilẹ̀ bàálù.

Ọ̀kan tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ tó jẹ́ pé bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, èèyàn kò ní í gbà á gbọ́. Gíláídà tó gbé katapílà ṣìnà wọ inú igbó, igi méjì gba apá ẹ̀ méjèèjì. Katapílà já tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn, ó yẹ kó tẹ àwọn awakọ̀ pa. Ṣùgbọ́n okùn kan so katapílà mọ́ imú gíláídà. Bó ṣe sáré síwájú, okùn náà fa imú sókè pẹ̀lú àwọn awakọ̀ lórí ìjókòó wọn, katapílà gba abẹ́ wọn kọjá, imú sì padà sáyè ẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹni tí orí yọ nìyẹn.

Ní Íńdíà, Wingate àti Slim kò sùn. Wọ́n ti ṣètò ọ̀rọ̀ àṣírí méjì. Bí nǹkan bá dáa, "Pork Sausage" ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí wáyálẹ́ẹ̀sì. Bí nǹkan bá bàjẹ́, kí wọ́n ní "Soya Link." Ẹran agolo oníṣóyà kan tí àwọn ṣọ́jà kórìíra bí nǹkan míì ni Soya Link yìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí wáyálẹ́ẹ̀sì gbé wá ni "Soya Link." Ọkàn gbogbo wọn domi. Wọ́n dá àwọn tó kù dúró. Àfi ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ọ̀rọ̀ kejì wọlé, "Pork Sausage!" Calvert ti ka àwọn èèyàn ẹ̀, ó lé ní 350 tó wà láàyè, ọ̀tá kankan kò sì sí nítòsí.

Alison bi ọ̀dọ́mọdé ẹnjiníà tó ṣẹ́kù, Robert Brackett, bóyá wọ́n lè tẹ́ ilẹ̀ náà. Èsì ẹ̀ ni pé bí òun bá parí ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ṣé kò ní í pẹ́ jù? Katapílà àti ọwọ́ ṣọ́jà ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, Dakota ńláńlá bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ti kó nǹkan bíi 9,000 èèyàn àti ẹranko tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wọ ẹ̀yìn àwọn ará Jàpáánì.

Ibi tí àwọn tiwa ti wọ inú ìtàn nìyí. Ní ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹta, gíláídà mẹ́fà mìíràn lọ tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní Aberdeen, wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ìlú ìyàwó Wingate. Ibẹ̀ ni Dakota bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà sí. Lóòótọ́, bàálù tiwọn ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí irú ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé rélùwéè ló mọ̀, òun ni wọ́n kó jókòó sórí ẹrù, pẹ̀lú báàgì tó wúwo lẹ́yìn ẹ̀, lóru, lórí òkè tó ga ju ohunkóhun tó ti rí láyé ẹ̀, lọ sí ibi tí ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún ọ̀tá. Ìbaaka wà pẹ̀lú wọn nínú bàálù, wọ́n fi ọparun ṣe ilé fún un. Wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ìbaaka náà lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n má baà ké kí ọ̀tá gbọ́. Àní ẹranko pàápàá kò gbọdọ̀ kígbe.

Ibo ni wọ́n kó wọn lọ? Ibi tí wọ́n ń pè ní White City, lẹ́bàá ìlú Mawlu. Wọ́n ní White City nítorí aṣọ páráṣúùtì funfun tí wọ́n fi ń ju oúnjẹ sílẹ̀ kún orí igi gbogbo. Ohun tí wọ́n wá ṣe níbẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbọ́: wọ́n wá dí ojú irin! Rélùwéè tí àwọn ará Jàpáánì fi ń kó oúnjẹ àti ọta ìbọn lọ sókè ni White City jókòó lé lórí. Ọmọ tí rélùwéè gbé kúrò nílé, òun ló wá ń dáàbò bo ibi tí wọ́n ti gé rélùwéè ẹlòmíràn.

Calvert ló kọ́kọ́ gba ibẹ̀ nínú oṣù kẹta. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Bírígéèdì àwọn ọmọ Nàìjíríà, lábẹ́ ọ̀gá wọn Gillmore, gba iṣẹ́ ìṣọ́ ibẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ keje lọ bá Calvert jà níta. Òru lẹ́yìn òru ni àwọn ará Jàpáánì ń ya lu wáyà ẹlẹ́gùn-ún tó yí ibẹ̀ ká. Àgbá ń dún, òkú pọ̀ lórí wáyà, òórùn ibẹ̀ kò ṣe é sọ. White City kò ṣubú. Ìgbà tí wọ́n fúnra wọn fẹ́ kúrò níbẹ̀ nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n fi Dakota kó ẹrù wọn, tí wọ́n sì lọ. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n tún fi jà nínú òjò àti ẹrẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tí ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n bí ìbọn ṣe ń pa wọ́n. Wingate fúnra ẹ̀ kò rí i. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹta, bàálù tó wọ̀ já lórí òkè, gbogbo wọn kú. Ẹlẹ́ńjìnnì ni bàálù ọ̀hún.

Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa Jackie Coogan. Ó padà sídìí eré, òun ló ṣe Uncle Fester nínú "The Addams Family" láti ọdún 1964, ó sì kú lọ́dún 1984. Àwọn tiwa ńkọ́? Ìwé díẹ̀ ló dárúkọ wọn. Bíyì Bándélé, òǹkọ̀wé tó kú lọ́dún 2022, gbé ìwé "Burma Boy" jáde lọ́dún 2007, ìtàn àròsọ lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fò lọ sí White City ni. Kò dédé kọ ọ́, bàbá ẹ̀ jagun ní Bọ́mà. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, kọ ti ara ẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀. Ìpín kọkànlélọ́gọ́rin ló wà, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́bàá odò Kaladan lọ́dún 1944, àwọn mùsùlùmí abúlé kan sì fi í pamọ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ará Sierra Leone fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún 2012 ni Bàbá Fádóyèbọ̀ jáde láyé. Bí kò bá kọ ọ́ ni, ibo ni à bá ti gbọ́?

Àmì wọn ṣì wà káàkiri o, àwa la ò kà á sí. Ẹni tó ń kọjá ní Arakan Barracks ní Àpápá, agbègbè kan ní Bọ́mà ni wọ́n fi sọ orúkọ ibẹ̀. Ará Ìnísà tó gbé Accra, tó sì máa ń gba iwájú Burma Camp kọjá, orúkọ ogun kan náà ló ń rí. Ní Taukkyan, ní Myanmar, òpó ìrántí kan wà tí wọ́n kọ orúkọ nǹkan bíi 27,000 ọmọ ogun sí, àwọn tó kú ní Bọ́mà tí wọn kò ní sàréè tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn ọmọ Áfíríkà wà nínú wọn.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́dún 1944, ọdún 2026 ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó lè fẹnu ara wọn sọ ọ́ ti ń tán lọ. Ṣùgbọ́n ìwé kì í tètè kú. Bí ilé kan bá wà ní Ìkìrun, ní Ìnísà tàbí ní Òkukù tí àpótí bàbá bàbá wọn ṣì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, kí wọ́n tú u wò kí ikán tó tú u. Kí wọ́n wá ìwé kékeré tí wọ́n fi ń gba owó oṣù, ìwé ìfẹ̀yìntì, tàbí àmì ẹ̀yẹ onírin tó ti pata. Bí wọ́n bá rí nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA, nọ́ńbà ṣọ́jà nìyẹn. Bí wọ́n bá rí "6 N.R.," "7 N.R." tàbí "12 N.R." lára ìwé náà, ẹgbẹ́ tó fò gba orí òkè lọ sí White City ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ lọ tí kò bọ̀, orúkọ àwọn tó kú wà lọ́wọ́ àjọ Commonwealth War Graves Commission, ẹnikẹ́ni ló lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀.

Kí wọ́n kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ fún àwọn ọmọ pé bàbá ńlá wọn kò kàn bá òyìnbó jagun lásán. Ó ti fò lórí òkè nígbà tí ẹnikẹ́ni nílé ẹ̀ kò tíì wọ bàálù rí, ó sì mọ̀, kó tó wọ̀ ọ́, pé ó ṣeé ṣe kó má padà.